Àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lójú mi: kí ni mo lè lò nílé láìbó ara?

Olùkọ́ Àgbádárìgì bèèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níhìn-ín. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Àgbádárìgì, ọmọ ọdún 29 ni mí, mo sì bímọ ní oṣù 7 sẹ́yìn. Ọmọ náà ṣì ń mu ọmú. Nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù 5, irorẹ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì àti àgbọ̀n mi. Mo jẹ́wọ́ pé ọwọ́ mi kò gbé jẹ́ẹ́, nítorí pé ní alaalẹ́ ni mò ń dúró níwájú dígí, tí mò ń fi èékánná tẹ̀ wọ́n títí ohun funfun inú wọn yóò fi jáde. Irorẹ́ náà lọ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí èékánná mi dé ni ó fi àmì dúdú sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ lò ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, mo bu ṣúgà lé e lórí, mo sì fi ń ha ojú mi láràárọ̀ kí n tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ó pọ́n, ó bó. Nígbà tí ó jinná, àmì tuntun kan ti wà níbẹ̀ tó gùn bí ipa omi tó ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí àgbọ̀n, ó sì dúdú ju gbogbo èyí tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, epo àgbọn ni mò ń fi pa ojú lálẹ́, nítorí pé ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni, kò sì wọ́n. Irorẹ́ wẹ́wẹ́ sì tún ti ń yọ níwájú orí mi. Obìnrin kan tó ń ta ìpara lọ́jà wá sọ fún mi pé òun yóò bá mi po ìpara kan sínú ike, pé láàárín ọjọ́ 7 ojú mi yóò mọ́ kedere. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ pò pọ̀, ó ní àṣírí iṣẹ́ òun ni. Mi ò rà á, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ọkàn mi fà sí i díẹ̀, nítorí pé àbúrò mi obìnrin yóò ṣe ìgbéyàwó ní oṣù 3 sí àsìkò yìí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ di apọ́nbéporẹ́. Àwọ̀ mi tẹ́ mi lọ́rùn, kí ó dọ́gba ni mò ń wá. Nínú àwọn ohun tí a ní nílé, èwo ni ó ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, tí kò sì ní pa ọmọ mi lára? Ǹjẹ́ kí n máa bá epo àgbọn lọ? Báwo ni yóò sì ti pẹ́ tó?

Ìyá Elépo Àgbọn, Ajárá:

Ìyá ọmọ, o kú ọwọ́ lómi.

Epo àgbọn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé mo kórìíra ọjà mi. Mo mọ̀ ọ́n láti ìdí igi dé inú ìgò: a ó rin àgbọn, a ó fún un, a ó fi omi funfun náà sílẹ̀ mọ́jú kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó, lẹ́yìn náà ni a ó se ọ̀rá náà títí omi yóò fi gbẹ tán, tí epo nìkan yóò ṣẹ́ kù. Ó dára fún irun. Ó dára fún gìgísẹ̀ tó sán àti ara tó gbẹ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n epo tó wúwo ni, ojú tí irorẹ́ ń yọ sì ti ní epo tirẹ̀ tó ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú awọ. Bí o bá tún da tèmi lé e lórí, irorẹ́ á tún yọ, yóò sì fi àmì mìíràn sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé àgbọn kì í ṣe ti àgbọ̀n. Fi tìrẹ pa apá àti ẹsẹ̀, kí o fi ojú sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dárúkọ osùn láìpẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn ìyá wa fi osùn pa ọmọ tuntun, wọ́n sì fi pa ìyàwó tó ń lọ sí ilé ọkọ, ara a sì máa dán. Igi tí a fi omi lọ̀ lórí òkúta ni. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ń kun ara ni, kì í bó o. Bí o bá wẹ̀ dáadáa, yóò ṣí kúrò. Ẹni tó bá sọ pé osùn pa àmì òun rẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ìkunra ni ojú rẹ̀ rí. Kò sí ibi nínú kí o lò ó, ṣùgbọ́n má retí pé yóò wọ ibi tí àmì náà wà.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú ló wà nínú rẹ̀, ti èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àdín, nítorí náà ó le. Mo ti rí àwọn ọmọdébìnrin tó fi fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí awọ wọn fi gbẹ bí èèpo iṣu. Bí o kò bá lè ṣe kí o má lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, kí o sì fi òrí díẹ̀ díẹ̀ ra ibi tó bá gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdù:

Olùkọ́, mo kí yín. Mo sì kí Ìyá wa fún òtítọ́ tí wọ́n sọ nípa ọjà ara wọn, nítorí pé ìyẹn kò wọ́pọ̀. Ìkòròdù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti bá dókítà awọ ara ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí pé àmì tó gùn bí ipa omi yẹn ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti nínú èèpo rẹ̀ jù lọ, ni àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní furocoumarin. Bí ẹ bá fi pa ara nínú ilé, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá bá wọn lára awọ, wọn á jó awọ náà bí ìgbà tí omi gbígbóná bá dà sí i. Jíjó náà kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni ó máa ń le jù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi fura sí ọsàn rárá, tí wọn á tún fi kún un. Ibi tí omi rẹ̀ bá ṣàn gbà ni àmì náà yóò tọ̀. Ẹ̀yin fi pa ojú láàárọ̀, ẹ fi ṣúgà ha awọ náà, ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ wọ inú oòrùn. Kò sí bí kò ṣe ní jó yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, irú àmì yìí máa ń lọ, ṣùgbọ́n oṣù ni yóò fi lọ, kì í ṣe ọjọ́.

Ohun dúdú tí ẹ ń rí, mẹ́lánìn ni, èròjà kan náà tó fún gbogbo wa ní àwọ̀. Nígbà tí awọ bá wú tàbí tí ó bá gbọgbẹ́, ìbáà ṣe irorẹ́, ìbáà ṣe èékánná, ìbáà ṣe ìpara tó ta ni lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́lánìn á ṣe é kọjá bó ṣe yẹ, tiwa aláwọ̀ dúdú sì ń ṣe é ju ti àwọn mìíràn lọ. Àmì tí mẹ́lánìn rẹ̀ wà ní òkè awọ máa ń ní àwọ̀ bíi ti obì gbígbẹ. Èyí tó ti wọ ìsàlẹ̀ máa ń dà bí eérú tàbí bí aró tó ti ṣá. Awọ òkè ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, ó sì ń pẹ́ sí i bí ènìyàn ti ń dàgbà. Nítorí náà, àmì òkè lè gba oṣù 3 sí oṣù 12 kí ó tó parẹ́, ti ìsàlẹ̀ sì lè ju ọdún kan lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí ọjọ́ 7 fún yín, awọ ni yóò bó.

Ohun tó lágbára jù lọ nínú ìtọ́jú yìí kò sí nínú ilé ìdáná. Oòrùn ni. Gbogbo àmì tó ń gbìyànjú láti ṣá, bí oòrùn bá tún bà á, yóò tún dúdú. Ẹ sì ń gbé létí òkun, níbi tí yanrìn àti omi ti ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí ènìyàn lójú. Ẹ máa dé akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀, ẹ mú agboòrùn dání láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa pa ìpara ìdènà oòrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní sunscreen, tí nọ́ńbà SPF rẹ̀ kò dín sí 30. Ẹ fi tọ́ ìka méjì lórí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìwọ̀n ojú àti ọrùn nìyẹn; ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí 2 bí ẹ bá wà ní ìta. Bí funfun rẹ̀ bá ń dà yín láàmú, ẹ wá èyí tí a ti fi iron oxide pa láró mọ́ àwọ̀ ara, nítorí pé ó tún ń dènà ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán tí èyí tí kò láwọ̀ kì í dènà, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì wà lára ohun tó ń mú àwọ̀ tiwa dúdú sí i.

Nísinsìnyí, àwọn ohun ilé. Ètí erin, èyí tí wọ́n ń pè ní aloe vera, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé ewé kan, ẹ gbé e nàró títí oje rúsúrúsú rẹ̀ yóò fi ro tán, nítorí pé oje yẹn a máa yún ara. Lẹ́yìn náà ẹ bó èèpo, ẹ fi ohun yíyọ̀ inú rẹ̀ pa ojú fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì ṣàn án. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aloesin, tó ń dín iṣẹ́ tyrosinase kù, ìyẹn ohun tí ara fi ń ṣe mẹ́lánìn. Agbára rẹ̀ kò tó ti oògùn, ṣùgbọ́n ó ń tu awọ lára, awọ tí kò bá sì wú kì í fi àmì sílẹ̀.

Oyin ògidì náà dára, ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò gbilẹ̀. Níhìn-ín ni mo ti ní láti kìlọ̀ fún yín nítorí ọmọ oṣù 7 yẹn: oyin kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí pé kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí yóò fa àìsàn botulism sí ọmọ náà lára. Ẹ ṣan ojú, ẹ ṣan ọwọ́, kí ẹ tó gbé ọmọ.

Omidùn, omi orí ògì, ní lactic acid, èròjà kan náà tí àwọn oníṣègùn ń fi bó òkú awọ díẹ̀díẹ̀. Ti inú ògì kò pọ̀ tó ti oògùn, ẹ lè fi òwú pa á fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní alẹ́, tí kò bá ta yín. Atalẹ̀ pupa ń kun ojú àti ìrọ̀rí ju bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Oje ìbẹ́pẹ dúdú a máa ta àwọn kan lára gan-an. Aáyù tútù àti ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi wọ́n kan ojú rárá. Ohunkóhun tí ẹ bá sì fẹ́ dán wò, ẹ kọ́kọ́ fi pa inú apá, kí ẹ dúró fún ọjọ́ 2 kí ẹ tó gbé e dé ojú.

Ní ti ìpara àpòpọ̀ yẹn, ẹ ṣeun tí ẹ kò rà á. Ohun tí a sábà máa ń bá nínú irú rẹ̀ ni hydroquinone, èròjà tó ń bó ara, sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol, nígbà mìíràn mercury. Mercury ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń bá ọmú lọ sára ọmọ; NAFDAC kò fàyè gbà á nínú ìpara rárá. Sítẹ́rọ́ìdì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Hydroquinone, tí a bá fi í pa ara fún ọdún púpọ̀, lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú bí aró, àmì náà sì ṣòro púpọ̀ láti wò. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ ló mú kí orílẹ̀-èdè South Africa fòfin dè é nínú ìpara ìṣaralóge ní ọdún 1990. Dókítà lè kọ ọ́ fún ènìyàn fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó lágbára ju ètí erin lọ, ẹ bèèrè ìpara tó ní azelaic acid tàbí niacinamide lọ́dọ̀ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú. Azelaic acid wà nínú ọkà bíi bálì àti àlìkámà. Ó ń wo irorẹ́, ó sì ń wo àmì rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n èmi lo ọsàn wẹ́wẹ́ fún oṣù 4, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Alẹ́ ni mò ń pa á, mo sì ń ṣàn án kí n tó sùn. Àmì ojú mi ti lọ. N kò rò pé ó tọ́ kí a sọ ohun tí àwọn baba wa ń lò di májèlé.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdù:

Àbúrò mi, o ti sọ ìdí tí kò fi jó ọ: alẹ́ ni o lò ó, o sì ṣàn án. Ṣùgbọ́n oṣù 4 tó àkókò tí àmì òkè awọ fi ń ṣá fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé omi lásán ni o fi pa á. Awọ ara ní kíkan tirẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń wọn kíkan, wà ní nǹkan bí 5, ti ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà ní nǹkan bí 2. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí a bá sọ̀ kalẹ̀, kíkan rẹ̀ ti di ìlọ́po 10. Fi ọsàn rẹ sínú ọbẹ̀ ẹja.

Onígbàjámọ̀ Ìbẹ̀rẹ̀kódò:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwa ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi ni àmì dúdú kún ìsàlẹ̀ àgbọ̀n wọn, tí wọ́n sì rò pé irorẹ́ ni. Irun ni. Irun tiwa ká kò. Tí a bá fá a mọ́lẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ mímú á tún yí padà wọ inú awọ, ibẹ̀ á wú, á sì dúdú. Mo ti dẹ́kun fífi abẹ fá irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kílípà ni mo ń lò, mo sì ń fi irun díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn fún oṣù mélòó kan, awọ rẹ̀ máa ń rọ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ ìpara rárá.

Ìyá Elépo Àgbọn, Ajárá:

Nọ́ọ̀sì, mo ní ìbéèrè tèmi. Àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́bàá ojú mi, wọ́n ga díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, ìyá mi náà ní wọn. Ǹjẹ́ ètí erin lè mú wọn kúrò?

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdù:

Ìyá wa, kò lè ṣe é. Ìdílé ni a ti ń jogún irú ìyẹn, ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sì í pa ènìyàn lára. Kò sí ìpara tó ń mú un kúrò. Dókítà awọ ara nìkan ló lè fi iná wẹ́wẹ́ jó o, bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwú tàbí ásíìdì yọ ọ́ fún yín lọ́jà.

Mo sì fẹ́ fi èyí kún un fún gbogbo wa: bí ọrùn àti abẹ́ apá bá dúdú, tí awọ ibẹ̀ sì nípọn bí aṣọ àrán, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo ló ń fẹ̀, tó ń pààrọ̀ àwọ̀ tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá.

Olùkọ́ Àgbádárìgì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti fi epo àgbọn mọ sí ẹsẹ̀. Mo ń lo ètí erin lálẹ́ àti azelaic acid láàárọ̀, lẹ́yìn tí apòògùn ti bi mí léèrè nípa ọmọ. Akẹtẹ̀ mi tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń pè mí ní Ìyá Alákẹtẹ̀. Mo máa ń ya àwòrán ojú mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, nítorí pé dígí a máa tan ènìyàn. Àmì 14 ni mo kà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. 6 ni mo ń rí báyìí. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ti ṣá di bí òjìji. Ṣùgbọ́n méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n tí wọn kò yí padà rárá, àwọ̀ eérú ni wọ́n ní. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ 2. Ṣé kí n máa pa azelaic acid náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdù:

Rárá o. Bí ẹ bá fi kún un, yóò ta yín, ibi tó bá sì ta yín yóò tún dúdú. Àwọn méjì yẹn ti wọ ìsàlẹ̀ awọ, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ ibẹ̀ ni èékánná yín ti pẹ́ jù. Ẹ bá a lọ bí ẹ ti ń ṣe é títí yóò fi pé oṣù 6, bí wọn kò bá sì yí padà nígbà náà, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ ara wò wọ́n. Fún ọjọ́ ìgbéyàwó, àtíkè tó bá àwọ̀ yín mu yóò bò wọ́n. Ẹ fi ọṣẹ tó rọ̀ ṣan án kúrò kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó.